Àrùn Àtọ̀gbẹ àti Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Ara Ẹni: Ohun Tí Ìwádìí Sọ fún Ìjọ ní Kòsọ́fẹ́

Láti oṣù kẹta ọdún 2016 títí di oṣù kẹrin ọdún 2017, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá 6 ní ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 336 tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn nítorí egbò ẹsẹ̀ tí àrùn àtọ̀gbẹ fà. Nínú wọn, àwọn 119 ni a gé ẹsẹ̀ tàbí ìka ẹsẹ̀ fún. Nínú ẹni 5, ó ju ẹni 1 lọ díẹ̀ tí ó kú. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí burú tó, ṣùgbọ́n òmíràn wà nínú ìwádìí kan náà tí ó kan àwa ìjọ jù wọ́n lọ: ìdajì àwọn aláìsàn náà ti ru egbò wọn kiri fún ọjọ́ 39 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ 39 kò lè kọjá kí Ọjọ́ Ìsinmi 5, ó kéré tán, má wà nínú rẹ̀. Bí aláìsàn náà bá jẹ́ ẹni tí ń lọ sí ilé Ọlọ́run, ó ti bá wa jọ́sìn nígbà márùn-ún pẹ̀lú egbò náà lẹ́sẹ̀, láìka ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀ àti ẹ̀kọ́ Bíbélì. A ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. A ti bi í pé ṣé àlàáfíà ni, ó sì ti dáhùn pé a dúpẹ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe kó àpilẹ̀kọ yìí jọ fún àwọn ará àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní agbègbè wa, láti Kétu dé Mile 12, láti Ìkòsì dé Ìṣẹ́rí, kí a lè mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa kíkọ́ alárùn àtọ̀gbẹ bí yóò ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀, àti ibi tí ọwọ́ ìjọ ti lè tó o.

Orúkọ àrùn náà àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe

Àtọ̀gbẹ ni àwọn kan ń pè é, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí eèrà bá ń ṣù bo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí, kí olúwarẹ̀ lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ara a máa dà á sínú ìtọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó gbé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara tí yóò fi ṣe agbára ni a ń pè ní ínsúlínì. Ní oríṣi kìn-ín-ní àrùn yìí, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọdé àti ọ̀dọ́, ara kò lè ṣe ínsúlínì mọ́, bí a kò bá sì fún ẹni náà ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò lè yè. Ní oríṣi kejì, tí ó jẹ́ ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn alárùn náà, ínsúlínì wà, ṣùgbọ́n ara kò dá a lóhùn dáadáa, bí ọdún sì ti ń lọ ni ínsúlínì náà ń dín kù.

Àrùn náà kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni ó fi ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ tó 126 lórí ẹ̀rọ, tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò tíì jẹun láàárọ̀, tí àyẹ̀wò kejì sì jẹ́rìí sí i, ti ní àtọ̀gbẹ, bí ó tilẹ̀ ń gbé àpò iṣu láìsinmi ní ọjà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò sì ní mọ̀ mọ́ bí ìṣó bá gún un.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládiípọ̀ Akínkugbé darí ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìdá 2.2 nínú 100 ni wọ́n rí pé ó ní àrùn yìí, ṣùgbọ́n ní Lagos Mainland, ó tó ìdá 7.2. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ tí ó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ṣírò rẹ̀ pé ó ti di ìdá 5.77 ní gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tí í ṣe nǹkan bí mílíọ̀nù 11.2 ènìyàn. Ìjọ tí ó bá ní àgbàlagbà 200 ní Èkó kò gbọdọ̀ rò pé àrùn àwọn ẹlòmíràn ni.

Aláìsàn ni olùtọ́jú àkọ́kọ́

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ọmọkùnrin ọdún 14 kan tí ń jẹ́ Leonard Thompson gba ínsúlínì tí Frederick Banting, Charles Best àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàwárí. Ṣáájú ìgbà náà, ikú ni òpin ọmọ tí ó bá ní oríṣi kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n oògùn tuntun náà mú ìṣòro tuntun wá. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni, kò sì sí dókítà tí ó lè kó lọ máa bá aláìsàn gbé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́ ìyá ọmọ náà, kí a sì kọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ bí ó bá dàgbà. Dókítà Elliott Joslin ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ti rí èyí kí a tó rí ínsúlínì pàápàá. Ní ọdún 1918 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó kọ fún dókítà àti aláìsàn pọ̀, lẹ́yìn náà ni ó sì ń fi àwọn nọ́ọ̀sì ṣe olùkọ́ fún àwọn aláìsàn rẹ̀.

Ìdí tí ẹ̀kọ́ yìí fi ṣe pàtàkì kò le láti rí. Bí aláìsàn bá rí dókítà ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún, tí wọ́n sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 nígbà kọ̀ọ̀kan, wákàtí 1 péré ni ìyẹn nínú wákàtí 8,760 tí ó wà nínú ọdún. Ọwọ́ aláìsàn ni ìyókù wà: ohun tí ó jẹ, ìgbà tí ó lo oògùn, bàtà tí ó wọ̀, ohun tí ó ṣe nígbà tí òógùn bò ó lójijì nínú mọ́tò ní Ojota.

Ní ọdún 1972, Leona Miller àti Jack Goldstein kọ̀wé nípa ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Los Angeles, níbi tí àwọn tálákà ti ń gba ìtọ́jú. Wọ́n kọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà tẹlifóònù tí wọn yóò máa pè bí nǹkan bá rú wọn lójú. Àwọn tí a ń gbé wá sí ilé ìwòsàn nínú ewu ikú sì dín kù gan-an. Ní Yunifásítì Stanford, Kate Lorig lọ síwájú díẹ̀ sí i. Ó fi hàn pé ẹni tí ó ń kọ́ni kò ní láti jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó ní àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́ fúnra rẹ̀, tí a sì kọ́ dáadáa, lè darí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Lorig yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní ọdún 2002 ni Susan Norris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 31 jọ lórí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ara ẹni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní HbA1c ni wọ́n fi wọn èrè rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí máa ń sọ bí ṣúgà ti rí nínú ẹ̀jẹ̀ láti nǹkan bí oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ṣọ́ ẹnu rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó lọ rí dókítà lè tan ẹ̀rọ tí a fi ń gún ìka jẹ, ṣùgbọ́n kò lè tan HbA1c jẹ. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹ̀kọ́ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, HbA1c àwọn tí a kọ́ máa ń fi 0.76 lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí a kò kọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ju oṣù 1 sí 3 lọ lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti lọ tán, ìyàtọ̀ náà ti sún kì di 0.26. Wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé kí HbA1c tó lè fi odidi 1 lọ sílẹ̀, olùkọ́ àti aláìsàn ní láti jókòó pọ̀ fún nǹkan bí wákàtí 23.6. Kò sí ilé ìwòsàn ìjọba tí a mọ̀ ní Èkó tí nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní wákàtí 23 fún aláìsàn kan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Calabar

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn dókítà ṣe àyẹ̀wò àwọn alárùn àtọ̀gbẹ 531 ní ilé ìwòsàn ńlá 7 ní ọdún 2008. Nǹkan bí ẹni 1 nínú 3 péré ni HbA1c rẹ̀ kò tó 7, èyí tí í ṣe ibi tí a fẹ́ kí ọ̀pọ̀ alárùn náà wà. Àwọn wọ̀nyí sì ni àwọn tí ó ń rí ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn o. Ti àwọn tí ó ń ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri nínú ọkọ̀ èrò, ẹ fojú inú wò ó.

Nígbà náà ni Okon Essien àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ẹ̀kọ́ wò ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Calabar. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Àwọn aláìsàn 118 tí HbA1c wọn ju 8.5 lọ ni wọ́n fi ìbò pín sí méjì, 59 síhìn-ín, 59 sọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ kan gba ìmọ̀ràn tí ilé ìwòsàn náà ti máa ń fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ń pàdé pọ̀, a sì ń kọ́ wọn létòlétò fún oṣù 6, pẹ̀lú ìlànà tí a ti kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó bá ṣáà wá sí nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Nígbà tí oṣù 6 pé, HbA1c ẹgbẹ́ tí a kọ́ létòlétò fi 1.8 kéré sí ti ẹgbẹ́ kejì.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni 1.8 já mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti tọpa àwọn alárùn oríṣi kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé níbi tí HbA1c bá ti fi odidi 1 kéré, ìbàjẹ́ ojú àti ti kíndìnrín máa ń fi ìdá 37 nínú 100 dín kù, ikú tí àrùn náà ń fà sì máa ń fi ìdá 21 dín kù. Èyí tí a rí ní Calabar sún mọ́ ìlọ́po méjì. Wọn kò kọ́ ilé tuntun, wọn kò ra ẹ̀rọ tuntun láti òkè òkun. Àwọn Nàìjíríà bíi tiwa ni aláìsàn wọ̀nyí, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà bíi tiwa, owó oògùn ń ni wọ́n lára bíi tiwa.

A ní láti fi ohun kan kún un ní òótọ́: oṣù 6 ni ìwádìí náà. Ohun tí Norris rí kò yí padà. Ẹ̀kọ́ a máa ṣá bí ìpàdé bá dáwọ́ dúró.

Àwọn ìjọ tí ó ti dán an wò

Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, Carmen Samuel-Hodge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sínú ìjọ 24 tí í ṣe ti àwọn ènìyàn dúdú, wọ́n sì ṣe ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 2009. Àwọn ará 201 ni ó kópa. Fún oṣù 8, àwọn ìjọ kan ń ṣe ìpàdé ẹ̀kọ́ ní ìgbà 12, a sì ń pe àwọn aláìsàn wọn lórí tẹlifóònù lóṣooṣù; àwọn ìjọ yòókù kàn ń gba ìwé pélébé nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ní òpin oṣù 8, HbA1c àwọn tí ó ń pàdé jẹ́ 7.4, ti àwọn tí ó ń gba ìwé jẹ́ 7.8. Lẹ́yìn náà ìpàdé dúró, ó ku ìpè tẹlifóònù nìkan. Nígbà tí ọdún pé, ìyàtọ̀ náà ti parẹ́.

Èyí ni ó yẹ kí ó ṣe àwa ará Èkó ní kàyéfì. Ìjọ tí í pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, síbẹ̀ a fi ètò ẹ̀kọ́ náà ṣe ohun tí ó ní ọjọ́ ìparí. Ìpàdé ni ìjọ fi ń jẹ́ ìjọ! Ẹgbẹ́ akọrin kì í parí. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kì í parí. A kò rí ìdí tí ìjókòó àwọn alárùn àtọ̀gbẹ yóò fi parí lẹ́yìn oṣù 8.

Bí ẹnìkan bá sì rò pé ti Amẹ́ríkà nìkan ni èyí, kí ó wo Ìpínlẹ̀ Enugu. Níbẹ̀ ni Echezona Ezeanolue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá ìjọ 40 ṣiṣẹ́, tí àwọn àlùfáà ń gbàdúrà fún aboyún nínú ìsìn, tí a sì ń ṣe àjọyọ̀ ọmọ tí ń bọ̀ fún wọn nínú ọgbà ìjọ, kí a lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún kòkòrò HIV. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015: ìdá 92 nínú 100 ni ó ṣe àyẹ̀wò ní àwọn ìjọ tí ètò náà wà, ìdá 55 ni níbi tí kò sí. Bí ìjọ bá lè ṣe èyí nípa àrùn tí ojú ń ti ènìyàn láti dárúkọ, ti ṣúgà kò yẹ kí ó le.

Ohun tí a óò máa kọ́ ara wa

Oúnjẹ ni gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ní agbègbè wa, bí a bá ti sọ fún ẹnìkan pé ó ní àtọ̀gbẹ, aládùúgbò á ní kí ó máa jẹ ẹ̀wà, wíìtì àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n nìkan. Ó lè jẹ òkèlè wíìtì tí ó tó orí ọmọ tuntun, kí ó sì yà á lẹ́nu pé ṣúgà rẹ̀ lọ sókè. Ara kò bìkítà nípa orúkọ òkèlè. Bí òkèlè náà ti tóbi tó ni ó ń kà. Ẹ̀fọ́ ni kí ó gba ìdajì àwo, kí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìlàrin, kí òkèlè tàbí ìrẹsì gba ìlàrin tí ó kù. Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá Mile 12 kò ní àwíjàre lórí ẹ̀fọ́ àti ilá; ẹ̀yìn ilé wa ni ọkọ̀ tí ń kó wọn wá ti ń já wọn. Èso tí a ń tà ní Kétu náà kì í ṣe èèwọ̀. Kí a jẹ ọsàn 1, kí a má ṣe fún omi ọsàn 5 sínú ife kan mu. Ní ti malt àti mínírà tí a ń pín níbi ìdúpẹ́, ṣúgà inú wọn pọ̀ gidigidi, ìtàn pé malt ń fúnni ní ẹ̀jẹ̀ kò sì ran alárùn àtọ̀gbẹ lọ́wọ́. Àwọn tí ń ṣètò àlejò nínú ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa gbé omi síwájú pẹ̀lú.

Àkókò oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Ọlọ́jà tí ó jí ní aago mẹ́ta òru láti lọ pàdé ọkọ̀ tòmátì tí ó ti Òkè Ọya dé, tí ó gbé oògùn mì kí ó tó jáde, tí kò sì ráyè jẹun títí di aago mọ́kànlá, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu bí oògùn náà bá jẹ́ irú glibenclamide tàbí glimepiride, tàbí bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Àwọn wọ̀nyí máa ń fa ṣúgà sílẹ̀ yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Kí ó sọ fún dókítà irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti aago tí ó fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ ni kì í sọ ọ́, nítorí pé a kò bi wọ́n.

Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo ènìyàn, ebi á gbá a mú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máa ta kókó. Kí ó mu síbí ìmutíì 3 tàbí 4 ti ṣúgà nínú omi lójú ẹsẹ̀, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí a tún wọn ṣúgà náà, lẹ́yìn náà kí ó jẹun. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, a bẹ̀ yín, bí ẹnìkan bá ń sọ kántankàntan tàbí tí ó ṣubú nínú ìsọjí òru, kí a tó sọ pé ẹ̀mí kan ni, kí a béèrè bóyá ó ní àtọ̀gbẹ, kí a sì fún un ní omi ṣúgà bí ó bá lè gbé e mì. Bí kò bá dáhùn mọ́, kí a má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Lórí ẹsẹ̀ ni a fẹ́ kí a dúró pẹ́. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ ní láti fi ojú mọ̀ ọ́n. Ní alaalẹ́, kí ènìyàn fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó nù ún gbẹ títí kan àárín ìka, kí ó sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀ kí ó lo dígí, tàbí kí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó. Kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, nítorí omi tí ó lè bó o lára kò ní jọ ọ́ lójú. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ Mile 12 a máa bo ìgò àti ìṣó mọ́lẹ̀, sálúbàtà rọ́bà kò sì tó láti wọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará wa nínú ìjọ aláṣọ funfun ní ọ̀rọ̀ tiwọn lọ́tọ̀, nítorí bíbọ́ bàtà jẹ́ ara ìjọsìn wọn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yí ìlànà ìjọ rẹ̀ padà. A ń sọ pé kí a gbá ilẹ̀ ọgbà náà mọ́ kúrò lọ́wọ́ ìṣó àti èérún ìgò, kí a má ṣe jẹ́ kí alárùn àtọ̀gbẹ dúró lórí kọnkéré tí oòrùn ọ̀sán ti jó, kí ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìsìn bá ti parí, kí ó tó wọ bàtà.

Iná mànàmáná ni ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn tí ń lo ínsúlínì. Ìgò tí a kò tíì ṣí ni ó yẹ kí ó wà nínú fíríìjì, kó má sì di yìnyín. Ní ti èyí tí a ń lò lọ́wọ́, ìwádìí tí àwọn dókítà MSF ṣe pẹ̀lú Yunifásítì Geneva, tí ó jáde ní ọdún 2021, tí wọ́n sì fi ooru àgọ́ Dadaab ní Kẹ́ńyà ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, fi hàn pé ínsúlínì tí ó wà nínú ooru tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín 25 sí 37 fún ọ̀sẹ̀ 4 kò pàdánù ju ìdá 1 nínú 100 agbára rẹ̀ lọ. Ìkòkò amọ̀ tí a gbé kalẹ̀ sí ibi òjìji tó fún un, kí omi má ṣáà kàn án. (Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jígáwá, gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí pé ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn kí tòmátì má baà rà; ọgbọ́n náà kò jìnnà sí àmù ìyá wa àgbà.)

Owó ńkọ́? Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni iye oògùn ti fò sókè, ilé iṣẹ́ GSK sì kéde ní oṣù kẹjọ ọdún náà pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kò lè ra oògùn fún ẹni tí kò lówó. Ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń pè ní Ilera Eko wà fún ìforúkọsílẹ̀. Kí àwọn ará béèrè ohun tí ó kó mọ́ra kí wọ́n tó sanwó. Ibi tí ìjọ bá sì ti ní àpò àánú, ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà kan tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń lò, tí a ń ra strip sí, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ní abẹ́rẹ́ ìgúnka tirẹ̀ tí a kì í lò lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ìnáwó tí ó tó ti asẹ́ ìkórè.

Ààwẹ̀ àti ẹ̀rí

Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí ti ṣáájú wa lórí ọ̀rọ̀ kan. Láti ọdún 2016 ni àjọ àgbáyé lórí àtọ̀gbẹ ti bá àwọn onímọ̀ wọn gbé ìlànà jáde lórí ààwẹ̀ Ramadan, tí wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2021: ta ni ó lè gbà á, ta ni kò gbọdọ̀ gbà á, bí a ó ṣe yí oògùn padà, ìgbà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣẹ́nu. Dókítà ni aláìsàn ń kọ́kọ́ rí, ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú. Àwa Kristẹni Èkó ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a ń gba ti Lẹ́ńtì, a ń gba ti ọjọ́ 3 láìmu omi nígbà tí a bá kéde rẹ̀ lójijì, kò sì sí ìwé kankan tí a fi lé aláìsàn lọ́wọ́. Ìkéde ààwẹ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó ní gbólóhùn kan: ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó rí dókítà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí olùṣọ́ àgùntàn sì sọ ọ́ láti orí àga ìwàásù, nítorí ohun tí akọ̀wé bá kà nínú ìkéde kì í wọ etí tó bẹ́ẹ̀.

Ti ẹ̀rí ni ó le jù láti kọ. Arákùnrin kan á jáde wá, á ní Olúwa ti wo òun sàn, òun sì ti kó oògùn dànù. Ìjọ á ké halelúyà. Àwọn alárùn mìíràn tí ó jókòó lẹ́yìn ń gbọ́. Ẹni tí ó ní oríṣi kìn-ín-ní tí ó bá fi ínsúlínì sílẹ̀ lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó ní oríṣi kejì lè ní ìlera lójú fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹsẹ̀ tàbí ojú tó sọ̀rọ̀. Àwa fúnra wa tí a ń bójú tó ìròyìn ìjọ kò bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. A ti tẹ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jáde rí láìbéèrè ìwé àyẹ̀wò, a kò sì padà lọ wo bí ẹni náà ti wà ní ọdún kejì. A gbà gbọ́ pé Ọlọ́run ń wòsàn. Wòlíì Aísáyà náà gbà á gbọ́, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo Ọba Hesekáyà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀rí ìwòsàn àtọ̀gbẹ tí kò bá ní àbájáde HbA1c àti ọ̀rọ̀ dókítà nínú kò ní jáde láti ọ́fíìsì yìí.

Ní ti bíbẹ̀rẹ̀, kò gba ìgbìmọ̀ ńlá. Kò sí ìjọ tí ó tóbi díẹ̀ ní Kòsọ́fẹ́ tí kò ní nọ́ọ̀sì 1 tàbí 2 nínú àwọn ará. Kí nọ́ọ̀sì náà kọ́ àwọn alárùn 3 tàbí 4 tí ó ti mọ ìtọ́jú ara wọn, kí àwọn wọ̀nyí sì máa darí ìjókòó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí Lorig ti ṣe é. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìsìn tó. Àwo omi 1, aṣọ ìnuwọ́, dígí 1, àti ìwé tí a óò máa kọ nọ́ńbà ṣúgà sí. Kí gbogbo wọn bọ́ bàtà, kí wọ́n bá ara wọn wo àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tí a bá rí egbò lára ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ dúró de ìjókòó ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bá a lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, kí ó sì dúró tì í níbẹ̀ títí dókítà yóò fi rí i.